Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá ń ka èyí kò ní rí orúkọ àbísọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé wọn. Ojú mi ti ń ṣú, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá ìyá mi lọ sóko ẹ̀gúsí ní Òkaka, ṣùgbọ́n orúkọ kì í jábọ́ lórí mi. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní agboolé yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọ Ìsẹ́yìn, mo lè pè wọ́n tẹ̀léra, àwọn tó wà láyé àti àwọn tí a ti sin. Orúkọ mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, èyí tí ìyàwó ń fún ọmọ ọkọ. Mo fi ẹnu ara mi ba tilé wa jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ló sì ru ẹrù rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tèmi, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ àbísọ. Ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé jó, ọkọ rẹ̀ ni. Á wò ó dáadáa, á wá ohun tó dára lára rẹ̀, á sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, àbúrò ọkọ mi kan wà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Síléètì kì í kúrò ní abíyá rẹ̀, gbogbo ògiri ilé ló sì ti fi ẹfun kọ nǹkan sí. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ò ṣe iṣẹ́ ìwé kankan láyé rẹ̀. Aṣọ òkè ló ń hun, lórí òfì tó wà lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa, ó sì ń hun ún títí di òní. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, síbẹ̀ Akọ̀wé ni mo ń pè é, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó lòun náà ń pè mí, "o" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Àlejò tó bá bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ wo ojú mi, á wo tirẹ̀, á tún wo tèmi.

Ìyàwó wa tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ìyàwó àkọ́bí mi ọkùnrin ni, ọmọ Ìgbòho. Òun nìkan ni ìyàwó tó wọ ilé wa lẹ́yìn mi tó ṣì mọ àṣà yẹn. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló kọ́ ọ. Kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa tó fi bẹ̀rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló kọ́kọ́ kàn. Ọmọ náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó wà nílé-ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi ń tẹ ẹ̀yìn rìn kí gíga rẹ̀ má bàa hàn. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó gbójú sókè, ó rí i tó ń kọjá.

Ó ní, "Òpéléńgẹ́ ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú kànrìnkàn orí àjà yẹn. Ọwọ́ àwa kúkúrú ò lè tó o."

Ọmọbìnrin náà wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ọjọ́ yẹn ló na ẹ̀yìn, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin kejì ń gun ọ̀kadà. Á lọ sí Ìpàpó, á lọ sí Òkaka, nígbà mìíràn á dé Ṣakí. Tó bá fi máa wọlé, eruku pupa á ti kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyàwó mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pè é ní Bọ̀rọ̀kìnní.

"Ìyàwó wa," ọmọ mi ní, "Bọ̀rọ̀kìnní tòun ti eruku yìí?"

"Ta ló ní eruku ni? Àtíkè ni, Bọ̀rọ̀kìnní ọkọ mi. Àtíkè olówó ńlá ni."

Nígbà tí Iléyá ọdún yẹn dé, ọmọ mi lọ dá agbádá funfun. Kò dá irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ní ó ti ń ti òun lójú kí òun máa jẹ́ orúkọ náà tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan.

Èmi ìyá ọkọ, ìyàwó kì í sọ mí lórúkọ. Ìyá ló ń pè mí. A gbọ́ ara wa yé, àfi lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀. Mo fẹ́ràn iyọ̀ láti kékeré. Ọdún méjì lẹ́yìn tó dé, mo ṣàkíyèsí pé ọbẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Tí mo bá ti fi òkèlè àkọ́kọ́ kan ẹnu, màá ní, "Iyọ̀ ò tó." Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ọwọ́ mi ló kéré." Lọ́jọ́ kejì, ọbẹ̀ á tún tẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé ìyàwó mi mọ gbogbo nǹkan, iyọ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ọmọ méjì ló bí. Obìnrin ni àkọ́kọ́, ọkùnrin sì tẹ̀lé e. Ní òwúrọ̀, èmi ni mo ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ obìnrin náà, ìyá rẹ̀ a dì í nírun, a sì fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Bàbá wọn, tóun náà ń hun aṣọ, á ti wà lórí òfì tirẹ̀. Ìyá wọn a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa ká òwú, ọmọ kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ obìnrin á ṣa gbogbo òwú tó já sílẹ̀, pupa àti àwọ̀ elésè àlùkò, á fi wé ṣùkù àgbàdo, á fi àkísà pọn ọ́n. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùkù náà lórúkọ, ó ní oríkì, ó sì máa ń ṣàìsàn.

Etí ọmọ náà kò sinmi. Ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ń kọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà, tó kúnlẹ̀ tòun ti ṣùkù lẹ́yìn.

"Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọwọ́ Akọ̀wé dúró lórí òfì. "Ha! Ta ló fẹ́ ìyàwó fún mi tí wọn ò sọ fún mi?"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde. "Bàbá Àgbà ni kí o pè wọ́n. Ìwọ kọ́ lo ni Akọ̀wé."

"Akọ̀wé lẹ̀yin náà pè wọ́n."

"Èmi, ìyàwó ilé ni mí."

"Èmi náà, ìyàwó ilé ni mí."

"Ìyàwó ta ni ọ́?" Akọ̀wé bi í. "Sọ ọ́, kí n mọ̀ bóyá mo ti di ọkọ."

Ọmọ náà rò ó. Ó wo gbogbo wa yíká. Ó na ìka sí mi. "Ìyàwó Ìyá."

Ẹ̀rín pa wá. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyàwó Kékeré. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí mọ́. Tí Bọ̀rọ̀kìnní bá ti dé, àwọn méjèèjì á jọ kí i, ohùn ńlá ṣáájú, ohùn kékeré á tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí àfáà bá ń kọ́ ọmọ kéú. Ìyàwó mi ní bó ṣe ń fa orúkọ náà. Kì í sọ ọ́ pátápátá. Á dá ẹ̀mí dúró lórí ìdajì rẹ̀, á wá jù ú sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí ọmọ náà ń lọ sí márùn-ún ni àìsàn mú ìyàwó mi. Ibà la pè é. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò lo ju ọjọ́ mẹ́fà lọ níbẹ̀ tí ọlọ́jọ́ fi dé. N kò fẹ́ kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, a ti sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí a ṣe é. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ìyá àti bàbá, ṣùgbọ́n kò tíì sí òkú tó dùn mí báyìí, nítorí pé ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin. Ọmọ kékeré ọkùnrin kò tíì fi ọmú sílẹ̀. Ẹ̀kọ mímu la fi já a lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Ilé dákẹ́. Òpéléńgẹ́ ló gba ìdáná. Mo sọ fún un pé kó má fi iyọ̀ dùn mí, iyọ̀ sì ń tó. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo ní ẹkún ni. Nígbà tó bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé, mo rí i pé ó ti tún ń tẹ ẹ̀yìn rìn. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Oòrùn mú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń bó ẹ̀gúsí, ọmọ kékeré sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Kí ọmọ mi tó pa á, ohùn kan jáde láti ẹ̀yìnkùlé:

"Bọ̀rọ̀ọ̀ọ̀kìnní ọkọ mi! Ẹ kú ìrìn o! Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?"

Ohùn ìyàwó mi ni. Bó ṣe máa ń fà á gan-an nìyẹn, bó ṣe máa ń dá ẹ̀mí dúró. Mo dìde fìrì, igbá ẹ̀gúsí dà nù. Bọ̀rọ̀kìnní jáwọ́ lára ọ̀kadà láìgbé e dúró, ọ̀kadà ṣubú lulẹ̀. Ó jókòó sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyàwó Kékeré wá yọ sí wa. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kúnlẹ̀, ṣùkù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ fún ohun tí wọ́n rà bọ̀.

Inú kọ́ ló bí mi. Àyà mi ló já, ìrora sì tẹ̀ lé e. Mo gbá a lápá mú.

"N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́! Ìyá rẹ ló ni ín. Gbogbo orúkọ tí ìyá rẹ sọ èèyàn, ó ti kó wọn lọ!"

Ó wò mí. Kò sunkún.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀," mo ní.

Ó dìde. Ó tú àkísà ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ṣùkù náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í ṣe pé ó ya odi. Á ní òun fẹ́ mu omi, á ní òun fẹ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, á wá dúró síwájú onítọ̀hún, á fa aṣọ rẹ̀. Kò pe bàbá rẹ̀, kò pe èmi. Tí a bá sì pè é, kò ní jẹ́. A lè pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ, àfi tí a bá fọwọ́ kàn án. Mo rò pé etí ló ń dùn ún. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo kán àdí lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ó jẹ́ kí n kán an. Àdí ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń ṣeré tí kò yé e.

Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Ó ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ní òwúrọ̀ tí kì í jẹ́. Mo bi í lánàá. Ó ní òun ò ní orúkọ mọ́. Ó ní ìyá òun ló sọ òun lórúkọ yẹn, ìyá òun sì ti kó gbogbo rẹ̀ lọ." Ó wolẹ̀. "Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ náà lórúkọ, àfáà sọ ọ́, bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló mọ́ gbogbo wa lẹ́nu, òun sì ni ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé ilé-ìwé. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ ló ni ín.

Èmi àti ọmọ náà jọ rìn bọ̀ wálé. Ó wà níwájú mi, báàgì rẹ̀ ń lù ú nídìí. Mo pè é lórúkọ. Kò wẹ̀yìn. Mo tún pè é. Ó ń lọ, ó ń fo àwọn kòtò omi òjò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo èèyàn, mo ti gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọdé.

Akọ̀wé rí ojú mi nígbà tí mo dé.

"Ìyàwó, ta ló nà ọ́?"

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ń ju ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó ń jù ú lọ sósì, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀.

"O rántí ìyálé rẹ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa àgbà?"

"Mo rántí wọn."

"Kí ni wọ́n máa ń pè mí?"

"Eyínfúnjowó."

Ó ya ẹnu, ó fi eyín mẹ́ta hàn mí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n kò rò pé mo lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. "Ìwọ mọ orúkọ náà. O ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Tiwọn ni, ọkọ mi. Akọ̀wé ni tèmi."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé o ò parọ́ fún ọmọ yẹn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ta ló pe àbíkẹ́yìn rẹ ní Òpéléńgẹ́ nínú ilé yìí? Ìwọ pè é? Àkọ́bí rẹ pè é? Ọmọ yẹn nìkan ló kù tó ń pè wá, o sì ní kó dákẹ́."

Mo rí ẹ̀yìn àbíkẹ́yìn mi lójú mi, bó ṣe tẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Èmi lo ń bi? Ṣé akọ̀wé ni mí ni?" Ó tún ẹsẹ̀ gbé lé ìtẹ̀sẹ̀. "Ìwọ lo ní àwọn orúkọ náà ti lọ. Ìwọ náà ni kó o lọ kó wọn wálé."

N kò sùn dáadáa. Ohun tí mo ń rò, kò bójú mu. Ìyá kì í fi orúkọ tí ìyàwó sọ ọmọ pe ọmọ rẹ̀. Kì í pè é ní ọkọ. Pàápàá jù lọ, kì í kúnlẹ̀ fún un. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ fún, á rò pé ó fẹ́ ṣépè fún òun ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní gbà á gbọ́ tí mo bá jókòó sórí àga sọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é ni yóò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án. Ọmọ náà jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ìka ya nǹkan sórí ilẹ̀. Ọ̀kadà dé. Mo di òpó mú, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi kan kan ilẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e.

"Bọ̀rọ̀kìnní ọkọ mi," mo ní, "ẹ kú ìrìn o."

Ọmọ mi fò kúrò lórí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú mi.

"Ìyá! Kí ni mo ṣe? Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí mo bá ṣe, ẹ foríjì mí!"

"O ò ṣe nǹkan kan. Dákẹ́, jẹ́ kí n kí ọ."

"N kò fẹ́ ìkíni yìí! Ìyá, ẹ dìde!"

"N kò lè dìde," mo ní. Òótọ́ ni. Orúnkún mi ti há. Èmi kúnlẹ̀, òun dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnì kejì. Láti abẹ́ àtíbàbà, mo gbọ́ Akọ̀wé tó ń wúkọ́ ẹ̀rín.

Mo rí ojú ọmọ náà. Ó ti dìde. Ó ń wò mí, ó fa ojú ro.

Mo tún un ṣe. "Bọ̀rọ̀kìnní ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo yíjú sí i.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò fà á."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fà á?" mo ní. "N kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ò kọ́ mi."

Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tún ìró ìdí rẹ̀ ṣe, ó ya ẹnu.

"Bọ̀rọ̀ọ̀ọ̀kìnní ọkọ mi!"

Mo tẹ̀ lé e. Ó ní kò tíì dáa. Mo tún un pè. Ọmọ mi ò dìde nínú ẹrẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ náà mi orí, ó ní ó jọ ọ́ díẹ̀.

"Ìyá rẹ kò kó wọn lọ," mo sọ fún un. "Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìwọ ni kó o máa kọ́ wa."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Tìrẹ náà wà níbẹ̀."

Ó sún mọ́ etí mi, etí ọ̀tún, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì dáa. Mo pè é jáde pẹ̀lú gbogbo ohùn mi.

"Ẹ̀n, Ìyá!"

Bọ̀rọ̀kìnní àti Akọ̀wé ló fà mí dìde nígbà tó yá, ọ̀kan ní apá kan, ọ̀kan ní apá kejì. Akọ̀wé ní, "Ìyàwó, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọ wọ ilé yìí, o ò kúnlẹ̀ fún èmi pẹ́ tó báyìí rí." Mo ní, "Ẹ lọ hun aṣọ yín, Eyínfúnjowó." Ó lọ jókòó sórí òfì, ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ní báyìí, ọmọ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nílé-ìwé. Tíṣà ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá rẹ̀ ń pe àbíkẹ́yìn mi ní Òpéléńgẹ́, ojú kọ́kọ́ tì í, kò tì í mọ́. Ọmọ kékeré ọkùnrin ti ń gbìyànjú, "Bọkìní" ni tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbà fún un, á mú un jókòó, á ní, "Fà á." Ẹ̀yìn àbíkẹ́yìn mi ti nà padà. Ìbànújẹ́ ṣì wà nílé wa o. Tí òjò bá ń bọ̀, mo ṣì máa ń gbójú sókè bóyá ìyàwó mi á sáré wá kó aṣọ orí okùn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ń sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n fà mí dìde, mo jókòó, mò ń fọwọ́ pa orúnkún. Ọmọ náà ti gbé ṣùkù rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀.

Mo ní, "Ó ku ta ni tí a kò tíì pè?"

"Ẹ̀yin."

"Ìyá ni ìyá rẹ ń pè mí. Ìyàwó kì í sọ ìyá ọkọ lórúkọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n sọ yín lórúkọ. Tó bá ku èmi àti àwọn nìkan ní ilé ìdáná ni wọ́n ń pè é."

"Kí ni wọ́n ń pè mí?"

"Wọ́n ní kí n má sọ."

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n kó o sí. Sọ ọ́ fún mi."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá Iyọ̀-ò-tó."

Òpéléńgẹ́ tó ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìhà ń dùn mí. Mo ní, "Kí ló dé tí kì í wá fi iyọ̀ sí i?"

"Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ yín ló ní kí wọ́n má fi sí i púpọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ìyá mi ní tí a bá sọ fún yín, ẹ máa lọ bu iyọ̀ fúnra yín. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ máa bínú sí ọbẹ̀."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣàròyé rẹ̀ fún ará ilé, ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ló kéré.

Òpéléńgẹ́ ti gbọ́. N kò bá a sọ̀rọ̀ iyọ̀. Ìgbà tó yá, ó gbé oúnjẹ wá, ó gbé e kalẹ̀, kò wo ojú mi. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Ìyá Iyọ̀-ò-tó," ó ní, "ẹ wá jẹun."

Mo fọ ọwọ́. Mo bu òkèlè, mo fi kan ọbẹ̀, mo fi sẹ́nu. Ó tẹ́ gan-an bí ọbẹ̀ ìyàwó mi. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de ohun tí màá sọ.

Mo ní, "Ó tó."